Ìlà Kan Tí Mo Gbàgbé Láti Dá Padà

Ohùn módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gba orí wáyà tẹlifóònù dé íńtánẹ́ẹ̀tì láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kò ní gbàgbé. Yóò kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà, kín-kín-kín, lẹ́yìn náà ni yóò wá han gooro, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi èékánná ha páànù. Lọ́sàn-án, nígbà tí èrò bá kún ilé, kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ tí mò ń sọ yìí, inú yàrá tí wọ́n ti tì pa láti ọjọ́ kejì ìsìnkú ló ti dún. Ẹni tó ni yàrá ti wà ní itẹ́ òkú ìjọ, kọ́kọ́rọ́ yàrá wà ní etí ìró ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, èmi àti opó rẹ̀ sì jókòó ní pálọ̀, à ń wo ara wa.

Bàbá ni mo máa ń pe ẹni tó ni yàrá yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá tó bí mi lọ́mọ. Ó ti ṣiṣẹ́ wáyà tẹlifóònù ní Ìbàdàn títí ó fi fẹ̀yìntì, ó sì padà wá sí Ìkéré ní àwọn ọdún tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ tuntun, nígbà tí gbogbo ẹni tó ní sátífíkéètì ń gbé fáìlì sí abíyá, tó ń lọ sí Adó láràárọ̀ lọ wá iṣẹ́ ìjọba. Èmi náà gbé fáìlì lọ. Ohun tí mo rí gbà ni iṣẹ́ tíṣà, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Mo máa ń ya kíbọ́ọ̀dù sára pátákó, àwọn ọmọ á sì máa fi ìka tẹ orí tábìlì bí ẹni tó ń pa èèrà. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wá ilé Bàbá lọ, nítorí mo gbọ́ pé kọ̀ǹpútà tòótọ́ wà níbẹ̀.

Méjì ló wà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, obìnrin tó ń gbé ní ìlú òyìnbó pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ló kó wọn ránṣẹ́ nínú páálí, pẹ̀lú àwọn àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ Linux sí lára, orúkọ ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń lò ó ní gbogbo Ìkéré nígbà yẹn, bí wọ́n bá ju àwa mẹ́ta lọ, mi ò mọ̀ wọ́n. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ohun tí ènìyàn lè tú wò. Ó ní bí nǹkan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, o lè tọ wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, o ó sì rí ibi tó ti já. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi kọ́ iṣẹ́. Òun náà ni mo ṣàìgbọràn sí nígbà tó yẹ kí n rántí rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tó lágbára wà ní yàrá Bàbá, lórí tábìlì tó kọjú sí àga rẹ̀, módẹ́ẹ̀mù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògbólógbòó èyí tó kù wà ní pálọ̀. Òun ni Mọ̀mí, ìyàwó Bàbá, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì, fi ń ka ímeèlì ọmọ wọn. Wáyà kan gba inú ihò ògiri so méjèèjì pọ̀. Ti pálọ̀ ò lágbára tó láti gbé bíráúsà, ohun tí a fi ń wo ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí o bá fagídí ṣí i, ṣe ni yóò dákú. Nítorí náà, a dá ọgbọ́n kan. Bí Mọ̀mí bá tẹ líǹkì nínú lẹ́tà, kọ̀ǹpútà pálọ̀ á ránṣẹ́ gba inú ògiri lọ sí ti yàrá, ti yàrá á ṣe iṣẹ́ ṣíṣí ìwé náà, á sì gbé e wá síwájú Mọ̀mí ní pálọ̀, bí ẹni tó wà ní ìdáná ṣe ń gbé oúnjẹ wá fún ẹni tó wà nídìí tábìlì. Èmi ni mo kọ fáìlì kékeré tó ń darí iṣẹ́ yìí. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ìlà kẹta ló ń sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí wọn yóò gbé oúnjẹ náà sí.

Nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, a ṣe kọ̀ǹpútà méjèèjì kí wọ́n máa jí fúnra wọn bí iná bá dé. Ojú kọ̀ǹpútà Bàbá máa ń dúdú bí èédú, torí ìmọ́lẹ̀ funfun ń ta á lójú. Àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ṣí ìwé lórí rẹ̀ ni gbogbo yàrá á funfun.

Àìsàn tó pa Bàbá kò pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀, ó gun òkè. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì padà. Ọmọ rẹ̀ ò lè wá sin ín, nítorí oyún ti wọ oṣù rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ó wọ bàálù. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti yàrá náà. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, tí ẹbí yóò péjọ, tí wọn yóò ṣí i lójú ara wọn, nítorí ìwé ilẹ̀ àti ìwé ilé wà nínú rẹ̀. Kò burú, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mọ̀mí sì wọ aṣọ dúdú, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìjọ kọ́ ló ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹbí ni. Ìyá Àgbà kó wá sílé náà láti máa ṣọ́ ọ. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Kọ̀ǹpútà yàrá ò kú. Ẹnikẹ́ni ò rántí pa á kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, bí iná bá sì ti dé, yóò jí.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú ni Mọ̀mí ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ rẹ̀ ti bímọ, ọkùnrin. Ó kọ lẹ́tà, ó ní òun ti kó àwòrán ọmọ náà sí ojú ìwé kan, kí ìyá òun tẹ líǹkì tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà. Mọ̀mí ti tẹ̀ ẹ́, kò sì rí nǹkan kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta.

"Bóyá mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni," ó wí fún mi. Ó ti kọ́ odindi ìran kan ní ABD ní Ìkéré, ó wá jókòó sídìí tábìlì náà bí ọmọ tí kò mọ ìwé, ó ń wo ìka ara rẹ̀.

Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹnu mi gbóná láyé ìgbà yẹn. Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo tẹ líǹkì náà. Ibẹ̀ ni módẹ́ẹ̀mù ti han lẹ́yìn ògiri, tí a sì wo ara wa.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sọ fún Mọ̀mí pé kò sí ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń pe ìlà, bó ṣe ń ṣe nígbà ayé Bàbá náà nìyẹn. Kíké rẹ̀ dákẹ́. A dúró. Lójú kọ̀ǹpútà pálọ̀, lẹ́tà ọmọ rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, kò sí ìwé tó ṣí, kò sí ọ̀rọ̀ kankan pé nǹkan bàjẹ́. Mo fẹ́ tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tí Mọ̀mí fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ń wo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn yàrá Bàbá. Abẹ́ ilẹ̀kùn náà, tó dúdú nígbà tí mo wọlé, ti funfun láti òpó kan dé èkejì.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́: ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ràn mí lọ́wọ́. Mo mọ ìdí tí módẹ́ẹ̀mù fi ké, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó yí òkùnkùn yàrá yẹn padà sí funfun. Ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í ṣe ti gílóòbù, torí ti gílóòbù máa ń pọ́n. Ìmọ́lẹ̀ òjò dídì ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí sìmẹ́ńtì, kò mì. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan jókòó sínú yàrá, ó ń kàwé. Lẹ́yìn bí wákàtí kan iná lọ, ohun gbogbo ṣókùnkùn, mo sì wá ọ̀nà ilé mi lọ láìbojú wẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo wo ètò inú ohun tó ń ka lẹ́tà, ibi tí a ti ń sọ fún un pé bíráúsà nìyí. Ó tọ́. Mo ṣí ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ, mo pe bíráúsà lórúkọ láìgba ọ̀dọ̀ lẹ́tà. Ó gba àṣẹ náà, kò fèsì, ó padà dákẹ́. Mo yọ ohun tó ń ka lẹ́tà kúrò pátápátá, mo sì tún un kó wọlé láti inú àwo. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo tẹ líǹkì, módẹ́ẹ̀mù ké, abẹ́ ilẹ̀kùn funfun, pálọ̀ ò sì rí nǹkan kan. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé òun ò lè ṣe é, mo mọ ohun tí mo lè fi bá a jà. Ti èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ mi ní "bẹ́ẹ̀ ni", bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí o rán níṣẹ́, tó lọ, tó dé, tí kò sì sí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò wò ni fáìlì onílà mẹ́rin yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́, kí ni mo tún fẹ́ wò níbẹ̀?

Ìyá Àgbà kì í ṣe òmùgọ̀. Mo ti ṣàlàyé módẹ́ẹ̀mù fún un, ó sì gbà, ó ní àbúrò òun ti fi ohun tó ń ké bẹ́ẹ̀ dí òun létí rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó sì rí fèrèsé àbúrò rẹ̀ tó funfun lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó wọ pálọ̀, ó bá wa níbẹ̀.

"Uná wo ni mo rí ní yàrá àbúrò mi?"

Mọ̀mí ní òun ò mọ̀.

"Ulẹ̀kùn kan ni ulé yìí ní sí yàrá yẹn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rè é." Ó na etí ìró rẹ̀ jáde. "Àfi bí kọ́kọ́rọ́ mìíràn bá wà."

"Ìyá Àgbà, mi ò ní kọ́kọ́rọ́ kankan."

"Ta ni ó wá ń tan uná?"

Ó yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi nípa ohun gbogbo láyé, àfi nípa ìyẹn. Mo ní mi ò mọ̀, Màmá. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó kọ orúkọ mi mọ́ ti Mọ̀mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kò pẹ́ tí gbogbo ẹbí fi gbọ́. Wọ́n ní opó ń wọ yàrá òkú ní ìrọ̀lẹ́ lọ kó ìwé ilẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní òkèèrè, kí ogójì tó pé. Àwọn tó máa ń wá jókòó tì í ò wá mọ́. Bí wọ́n bá wá, ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń wò, wọn kì í wo ojú rẹ̀. Ọmọ Emùré ni Mọ̀mí, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ létí rẹ̀ pé ọ̀nà Emùré ò jìn. Ìyá Àgbà ní ọ̀rọ̀ náà ò le: kí ó fi Bíbélì búra lójú pásítọ̀ àti ẹbí pé òun ò fẹsẹ̀ kan yàrá náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti tì í. Bí kò bá lè búra, kí ó di ẹrù rẹ̀.

Ó lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò mọ Mọ̀mí. Ó kàn lè búra kí ó lọ. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìlú yìí pé kí wọ́n má ṣe búra. "Mo ti gbé inú ulé yìí láti ìgbà tí ó ti jẹ́ ìpìlẹ̀," ó wí fún mi. "Bí wọ́n bá ní kí n búra nínú rẹ̀, wọ́n ti lé mi jáde ná." Ó sunkún lọ́jọ́ náà, kì í ṣe nítorí ẹbí. Ó ní ọmọ ọmọ òun á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí, gbogbo ayé ló ti rí i, àfi òun. Kò dẹ́kun títẹ líǹkì náà. Ó máa ń tẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn àdúrà, kódà nígbà tó mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ yóò tẹ̀lé e. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀. Kò gbọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ogójì pé nígbà tí iná ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó dé lọ́sàn-án, kò sì lọ mọ́. Gbogbo àdúgbò ń yọ̀. Ṣùgbọ́n Mọ̀mí ti tẹ líǹkì rẹ̀ bí ó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó máa ń bá iná lọ kò sì rí ibi lọ. Ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá Àgbà ò sùn, ó gbé àga kékeré sí iwájú ilẹ̀kùn náà, ó jókòó tì í. Kí n tó lọ sí ilé ìwé ni mo gbọ́ pé wọ́n ti ránṣẹ́ pe pásítọ̀, pé wọn ò ní dúró de ogójì mọ́. Àárọ̀ yẹn ni Mọ̀mí yóò búra tàbí kí ó lọ.

Mo wọ kíláàsì pẹ̀lú orí tó ń fọ́ mi. Àwọn ọmọ rí mi, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti kí tíṣà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò ní kí wọ́n jókòó. Mo ń wo bí wọ́n ṣe dìde, ohùn Bàbá sì wá sí mi létí, kedere bí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Ìgbà tí mo bá dìde ni kí o dá a padà."

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ni. Mọ̀mí lọ ra oògùn. Bàbá pè mí sínú yàrá, ó wà lórí àga rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ní ọmọ òun fi àwòrán ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní pálọ̀, òun ò sì lè rìn dé ibẹ̀ mọ́. Ó ní kí n má sọ fún Mọ̀mí, nítorí Mọ̀mí rò pé òun ṣì ń rìn bí ilé bá dá. Ṣé mo lè ṣe é kí ohun tí wọ́n bá ṣí ní pálọ̀ máa hàn níwájú òun? Mo ní kékeré ni. Mo jáde sí pálọ̀, mo yí ìlà kẹta padà, mo tẹ àwòrán náà, ó sì ṣí níwájú àga Bàbá. Mo gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín láti inú yàrá. Ó dúpẹ́, ó sì sọ gbólóhùn yẹn. Mo lọ sílé mi lọ máàkì ìwé ìdánwò. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé e lọ, ikú dé, ìsìnkú tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ sì kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Mọ̀mí ti ń kó o láti ọjọ́ yẹn.

Mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lórí ìdúró, mo gun ọ̀kadà.

Lójú ọ̀nà, ẹ̀mí kan tí kì í ṣe rere bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kí n wọlé jẹ́jẹ́, kí n dá ìlà náà padà, kí n dákẹ́. Àwòrán á ṣí ní pálọ̀, ìmọ́lẹ̀ á tán, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Mo gbà á rò títí a fi dé ìsàlẹ̀ òkè. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá tán láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí ó búra, kí ni wọn yóò sọ? Wọn yóò sọ pé ẹ̀rù ti ba olè.

Nígbà tí mo wọlé, Bíbélì ti wà lórí tábìlì kékeré láàárín pálọ̀. Pásítọ̀ dúró, àwọn àgbà ẹbí mẹ́ta jókòó, Ìyá Àgbà wà nídìí ilẹ̀kùn. Mọ̀mí wà lórí àga rẹ̀ nínú aṣọ dúdú, ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí ẹsẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ó búra, pé èmi ni.

Ìyá Àgbà kàn wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ni o ń wọ yàrá àbúrò mi?"

"Ẹnikẹ́ni ò wọ ibẹ̀, Màmá. Bàbá ló ní kí n máa gbé àwòrán wá síwájú òun, kí ó tó lọ. Mo ṣe é. Mi ò dá a padà. Ohun tí Mọ̀mí ń ṣí níbí, iwájú àga Bàbá ló ti ń ṣí."

"Láti ọjọ́ wo?"

"Láti ìgbà tí ó ti wà láàyè títí di òní."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní òun ò lóye, pé báwo ni ohun tí a tẹ̀ níbí ṣe máa ṣí níbòmíràn. Mo ní kí Ìyá Àgbà fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, kí ó wọlé, kí ó dúró níbẹ̀. Kí Mọ̀mí má kúrò lórí àga. Ó tú kọ́kọ́rọ́ ní etí ìró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí i nínú ihò, ó wọlé, a sì gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Mo sọ fún Mọ̀mí pé kí ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Nínú yàrá, módẹ́ẹ̀mù ké.

Mo ń gbọ́ mímí Ìyá Àgbà láti inú yàrá. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ùyàwó mi, máa bọ̀."

Èmi ni mo mú Mọ̀mí lọ́wọ́ wọlé. Yàrá náà ń rùn bí ibi tí wọ́n ti tì pa, eruku ti bo tábìlì, ó bo kíbọ́ọ̀dù, ó bo apá àga méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà, ìwé wà lórí ìwé, ọ̀kan fún gbogbo ìgbà tí Mọ̀mí ti tẹ líǹkì láti ìgbà tí iná ti dé, etí ọ̀kan ń yọ lẹ́yìn èkejì. Nínú gbogbo wọn, ọmọ kékeré kan wà tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, orí rẹ̀ gùn, iwájú rẹ̀ yọ síta bí ti Bàbá gan-an. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń wo àga tó ṣófo.

Ìyá Àgbà pe ọmọ náà ní orúkọ tí a máa ń pe ọkùnrin tí bàbá àgbà rẹ̀ ti lọ kí ó tó dé. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ènìyàn. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú ihò ilẹ̀kùn, ó sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Mọ̀mí lójú gbogbo wa. Kò ní kí ó má bínú. Àwọn ará ilé wa kì í sábà sọ ìyẹn. Pásítọ̀ gbé Bíbélì rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí gbogbo wọn ti túká, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pálọ̀. Mo ṣí fáìlì onílà mẹ́rin náà, ìlà kẹta wà níbẹ̀ bí mo ṣe yí i padà. Mo sọ fún Mọ̀mí pé kí ó fún mi ní ìṣẹ́jú kan, pé mo ti fẹ́ dá a padà, láti òní lọ níwájú rẹ̀ ni àwòrán yóò ti máa ṣí. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka ohun tí mo kọ bí ẹni tó lóye rẹ̀.

"Kí ni ó ní kí o ṣe gan-an?"

"Ó ní ìgbà tí òun bá dìde ni kí n dá a padà."

Ó gbé ọwọ́ lé orí àga mi.

"Ṣé ó ti dìde ni?"

Mo ní rárá, Mọ̀mí.

"Nígbà náà, fi í sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Títí mo fi kúrò ní Ìkéré, ìlà yẹn ò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Bí lẹ́tà bá dé, Mọ̀mí á jókòó ní pálọ̀, á tẹ líǹkì, á dúró kí kíké náà dákẹ́, á sì jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò dìde, yóò kan ilẹ̀kùn yàrá, yóò sì wọlé lọ wò ó.